Bí ẹ ṣe lè yan sọ́fítíwíà aládàáṣe fún ẹ̀ka IT, kí ẹ sì gbé e kalẹ̀ kó má bàa di àpatì

Bó ṣe sábà máa ń rí nìyí: iléeṣẹ́ ra sọ́fítíwíà tí yóò máa dá iṣẹ́ ẹ̀ka IT ṣe, àfihàn tí olùtajà ṣe dùn ún wò, wọ́n san owó ọdún kan. Kí oṣù mẹ́fà tó pé, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń gba orí rẹ̀ kọjá, àwọn òṣìṣẹ́ sì ti padà sí fífi ọwọ́ ṣe ìyókù. Sọ́fítíwíà náà kì í sábà burú. Wọ́n ra irinṣẹ́ kí wọ́n tó kọ iṣẹ́ tó máa ṣe sílẹ̀ ni, wọn ò sì múra rárá de ọjọ́ tí iṣẹ́ náà bá dákú lágbedeméjì. Nínú ìtọ́sọ́nà yìí, iṣẹ́ ló ṣáájú, irinṣẹ́ tẹ̀ lé e, ibi tí nǹkan ti lè bàjẹ́ la sì máa lo àkókò lé lórí jù.

Àpẹẹrẹ tí a máa lò jálẹ̀ ni títi àkáǹtì òṣìṣẹ́ tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ pa. Kò sí iléeṣẹ́ tí kì í ṣe é, àṣìṣe inú rẹ̀ sì máa ń dunni.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ ní lọ́wọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Àkọsílẹ̀ gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì (ìbéèrè fún ìrànwọ́) tó wọlé sí ẹ̀ka IT láàárín 90 ọjọ́ sẹ́yìn, ní ọ̀nà tí ẹ fi lè tò wọ́n sí ìsọ̀rí.
- Ẹnìkan tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà. Ọ̀gá tó kàn gbọ́ nípa rẹ̀ kò tó.
- Àyíká ìdánwò tó ní àkáǹtì àtọwọ́dá bíi 10, tí kò kan dátà gidi.
- Ibi ìpamọ́ Git (ètò tó ń tọ́jú gbogbo ìyípadà tí ẹ bá ṣe sí fáìlì) fún gbogbo ohun tí ẹ bá kọ.
- Ibi ìtọ́jú ọ̀rọ̀ aṣínà, bíi HashiCorp Vault tàbí Azure Key Vault.
- Ẹnìkan tó ní àṣẹ láti sọ pé "ẹ dá a dúró" láìsí pé wọ́n ń kọ́kọ́ pe ìpàdé.

Ẹ ya ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ àkọ́kọ́. Èyí tó bá tẹ̀ lé e máa ń yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé àkáǹtì, ibi ìpamọ́ àti ọ̀nà ìkìlọ̀ á ti wà nílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mú iṣẹ́ kan, ẹyọ kan péré

Ẹ tò àwọn tíkẹ́ẹ̀tì sí ìsọ̀rí, kí ẹ wá fi iye ìgbà tí ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ń wáyé lóṣù ṣe ìsọdipúpọ̀ pẹ̀lú iye ìṣẹ́jú tó ń gbà. Iṣẹ́ tó ń wáyé ní ìgbà 60 lóṣù, tó ń gba ìṣẹ́jú 15, ń jẹ wákàtí 15. Èyí tó ń wáyé lẹ́ẹ̀mẹta, tó ń gba ìṣẹ́jú 40, wákàtí 2 péré ló ń jẹ, bí gbogbo ènìyàn tilẹ̀ kórìíra rẹ̀.

Lára àwọn tó jẹ àkókò jù, ẹ mú èyí tí ìgbésẹ̀ rẹ̀ kì í yí padà, tí òfin tó ṣeé kọ sílẹ̀ ń darí ìpinnu inú rẹ̀, tí ohun tó ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti wà lórí kọ̀ǹpútà, tí àṣìṣe rẹ̀ sì ṣeé dá padà. Bí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá sọnù, ẹ fi í sílẹ̀ ná.

Ẹ ṣọ́ra: ọ̀pọ̀ ń ka dídúró mọ́ iṣẹ́. Tíkẹ́ẹ̀tì tó pẹ́ ọjọ́ méjì lè jẹ́ iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún tó dúró de ìfọwọ́sí ọ̀gá. Sọ́fítíwíà kò lè mú kí ọ̀gá yára fọwọ́ sí i. Ẹ kọ́kọ́ tún ọ̀nà ìfọwọ́sí ṣe, nítorí bóyá ìyẹn nìkan ni ẹ nílò.

Àyẹ̀wò: ẹ lè sọ orúkọ iṣẹ́ náà, iye wákàtí tó ń jẹ lóṣù, àti orúkọ ẹni tó ni ín, nínú gbólóhùn kan.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an

Ẹ má ṣe kọ ọ́ láti inú ìwé ìlànà iléeṣẹ́. Ẹ jókòó ti ẹni tó ń ṣe é, kí ẹ wò ó ní ìgbà mẹ́ta ó kéré tán. Fún ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun márùn-ún: kí ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí la ṣe, lórí ẹ̀rọ wo, báwo la ṣe mọ̀ pé ó yọrí, àti kí la máa ṣe bí kò bá yọrí. Apá tó kẹ́yìn yẹn ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀ lófìfo, òun gan-an ló sì máa di ìṣòro yín lẹ́yìn ọ̀la.

Ẹ wo bí àpẹẹrẹ wa ṣe jìn tó. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé wọ́n á ti àkáǹtì òṣìṣẹ́ náà pa nínú Active Directory, ètò Microsoft tó ń tọ́jú àkáǹtì àwọn òṣìṣẹ́. Ṣùgbọ́n tókìn (àmì ìwọlé tí kì í jẹ́ kí ètò tún béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà) tó ti wà lórí fóònù rẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè máa ṣiṣẹ́ fún bíi wákàtí kan lẹ́yìn tí ẹ ti ti àkáǹtì náà, àyàfi bí ẹ bá fagi lé àwọn ìwọlé tó ṣì wà ní ṣíṣí. Kọ́kọ́rọ́ SSH tó fi sórí sáfà (kọ̀ǹpútà tí àwọn yòókù ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀) láti máa wọlé láti ọ̀nà jíjìn kò bá àkáǹtì náà lọ. Kọ́kọ́rọ́ API (ọ̀nà tí ètò kan ń gbà bá òmíràn sọ̀rọ̀) tó ṣẹ̀dá kò bá a lọ. Iṣẹ́ tó ṣètò kó máa ṣẹlẹ̀ lálaalẹ́ lórúkọ ara rẹ̀ yóò dúró lójijì, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ ìdí rẹ̀. Fáìlì rẹ̀ ńkọ́, ta ni yóò jogún wọn? Bí ilé ẹjọ́ bá ti ní kí wọ́n tọ́jú ìméèlì rẹ̀, ẹ kò gbọdọ̀ pa ohunkóhun rẹ́.

Àwọn tó yàtọ̀ náà wà: ẹni tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ẹ̀ka kan tó sì bọ́ sí òmíràn, òṣìṣẹ́ àdéhùn tó ń lọ tó ń bọ̀, àwọn méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà. Nítorí ti ìkẹyìn yìí, ẹ máa fi nọ́ńbà òṣìṣẹ́ dá ènìyàn mọ̀, ẹ má fi orúkọ ṣe é láé.

Àyẹ̀wò: ẹ fún ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ náà rí ní ìwé yìí, kó fi ṣiṣẹ́ ní àyíká ìdánwò. Ibi tó bá ti béèrè ìbéèrè ni ìwé náà ti ní ihò. Ẹ dí i, kí ẹ wá ẹlòmíràn tí yóò tún dán an wò.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ mọ irú irinṣẹ́ tí iṣẹ́ náà ń béèrè

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ẹ ti ní. Bí script (àkójọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé) PowerShell kan àti Task Scheduler lórí Windows, tàbí Bash àti cron lórí Linux (Task Scheduler àti cron ni aago tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́), bá lè ṣe é, tí ẹni méjì sì lè tọ́jú rẹ̀, ẹ má ra nǹkan kan.

Bí iṣẹ́ bá jẹ́ ti ọ̀pọ̀ sáfà tó gbọ́dọ̀ rí bákan náà, ìdílé Ansible, Puppet àti Chef ni ẹ máa wò. Ansible kò nílò kí ẹ fi aṣojú (ètò kékeré tó ń gba àṣẹ fún irinṣẹ́) kankan sórí sáfà Linux: SSH ló ń gbà wọlé, Python sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí òṣìṣẹ́ ojú tábìlì ìrànwọ́ lè tẹ bọ́tìnnì kan kí ìlànà tí ẹ ti kọ sílẹ̀ sì ṣẹlẹ̀, láìjẹ́ pé ó ní àṣẹ lórí sáfà fúnra rẹ̀, irú Rundeck lẹ ń wá. Bó bá jẹ́ láti so iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì kan mọ́ òmíràn, n8n àti Power Automate wà níbẹ̀.

Ìdílé tó kù ni àwọn tó ń tẹ ojú kọ̀ǹpútà bí ènìyàn, irú UiPath. Irinṣẹ́ yìí dà bí ẹni tó ń rìn nínú òkùnkùn nínú ilé tó mọ̀: bí ẹnìkan bá sún àga kan, yóò kọlù ú. Bí olùṣe ètò bá gbé bọ́tìnnì kúrò ní àyè rẹ̀, iṣẹ́ yín ti dákú. Ẹ fi í ṣe ọ̀nà ìkẹyìn, fún ètò àtijọ́ tí kò ní API tí kò sì gba àṣẹ láti ojú ìlà àṣẹ (ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ ní ọ̀rọ̀).

Ẹ má sì ṣe gba kí irinṣẹ́ kankan máa kọ nǹkan tààrà sínú dátábéèsì ètò tí kì í ṣe tiyín. Ó ń fo gbogbo àyẹ̀wò tí ètò náà ń ṣe kọjá, wàhálà rẹ̀ kì í sì hàn lọ́jọ́ náà.

Àyẹ̀wò: lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú ìwé yín, ẹ kọ ọ̀nà tí irinṣẹ́ máa gbà wọlé: API, ìlà àṣẹ, tàbí ojú kọ̀ǹpútà. Bí "ojú kọ̀ǹpútà" bá ju ìdajì lọ, ẹ padà sí Ìgbésẹ̀ 1 kí ẹ mú iṣẹ́ mìíràn.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ dán an wò kí ẹ tó sanwó

Ẹ má gba àfihàn olùtajà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ẹ gba sáà ìdánwò, kí ẹni tiyín kọ́ ìgbésẹ̀ mẹ́ta nínú iṣẹ́ yín sórí rẹ̀, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ èyí tí yóò kùnà dandan. Ọ̀nà tí irinṣẹ́ ń gbà sọ pé òun kùnà ló ń fi ìwà rẹ̀ hàn jù. Èyí tó dára á sọ ìgbésẹ̀ tó kùnà, ohun tó fi ránṣẹ́, èsì tó gbà, yóò sì jẹ́ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ padà láti ibẹ̀. Èyí tí kò dára á kàn fi àmì pupa hàn ni, láìsọ ìdí.

Lórí owó, ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń kà: ṣé iye sáfà ni, iye òṣìṣẹ́ tó ń lò ó, iye róbọ́ọ̀tì, àbí iye ìgbà tó bá ṣiṣẹ́? Èyí tó kẹ́yìn ni kí ẹ ṣọ́ jù. Bí iṣẹ́ kan bá yẹ 200 àkáǹtì wò ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì ń ka ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn jẹ́ 4,800 lójúmọ́ àti 144,000 ní 30 ọjọ́. Ẹ ṣírò owó náà ní ìlọ́po mẹ́ta ohun tí ẹ ń lò báyìí kí ẹ tó fọwọ́ síwèé.

Ẹ tún béèrè bóyá ẹ lè kó gbogbo iṣẹ́ tí ẹ bá kọ́ jáde ní YAML tàbí JSON, irú fáìlì tí ètò mìíràn lè kà. Bí kò bá ṣeé kó jáde, ẹ ti di ẹrú olùtajà náà. Ṣé ìwọlé alákòópọ̀ (àkáǹtì kan fún gbogbo ètò) àti pípín àṣẹ fún oníkálukú bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe rí wà nínú èyí tí ẹ fẹ́ rà, àbí nínú èyí tó wọ́n jù ú lọ? Ṣé àkọsílẹ̀ rẹ̀ ń sọ ẹni tó ṣe nǹkan, ìgbà tó ṣe é àti ohun tó yí padà? Bí sọ́fítíwíà náà bá wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí sáfà yín sì wà nínú ilé, báwo ni yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn? Ìdáhùn tó dára ni aṣojú kékeré kan nínú ilé tó ń pe ìta lórí port 443, ọ̀nà tí àwọn ojúlé wẹ́ẹ̀bù tó ní ààbò ń gbà. Bí wọ́n bá ní kí ẹ ṣí ọ̀nà sílẹ̀ láti ìta wá sínú ilé, ẹ kọ̀.

Àyẹ̀wò: láàárín ọjọ́ méjì, ẹni tiyín ti kọ́ ìgbésẹ̀ mẹ́ta yẹn láìpe ẹnjiníà olùtajà, ó sì ti kó wọn jáde sínú Git.

Ìgbésẹ̀ 5: Àkáǹtì àti ọ̀rọ̀ aṣínà

Ẹ ṣí àkáǹtì ọ̀tọ̀ fún irinṣẹ́ náà, kó má jẹ́ ti alábòójútó kankan, kó sì ní ìwọ̀nba àṣẹ tí iṣẹ́ náà nílò. Nínú àpẹẹrẹ wa, ó lè ti àkáǹtì òṣìṣẹ́ pa, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ lè fọwọ́ kan àkáǹtì àwọn alábòójútó.

Ẹ ṣọ́ra: ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹnìkan bá ti kọ sínú script tó sì fi sínú Git kò kúrò níbẹ̀ nígbà tó bá pa ìlà náà rẹ́. Ìtàn Git ṣì ń tọ́jú rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa ṣe ni pé kí ẹ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà náà lójú ẹsẹ̀. Ẹ sì kọ ọjọ́ tí kọ́kọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan yóò parí agbára sílẹ̀, kí ìránnilétí dé ní 30 ọjọ́ ṣáájú. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ aládàáṣe tó kú lójijì, kọ́kọ́rọ́ tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá ló pa á.

Àyẹ̀wò: ẹ wọlé pẹ̀lú àkáǹtì náà, kí ẹ gbìyànjú ohun tí kò yẹ kó lè ṣe. Bó bá gbà fún yín, ẹ dín àṣẹ rẹ̀ kù.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ kọ́ ọ kó lè ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì láìba nǹkan jẹ́

Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo bí nǹkan ṣe wà kó tó fọwọ́ kàn án. Bí àkáǹtì bá ti wà ní títì, kó kọjá lọ láìkùnà. Nígbà náà, bí iṣẹ́ bá kú ní ìgbésẹ̀ karùn-ún, ẹ lè tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìgbésẹ̀ kìíní láìbẹ̀rù.

Ẹ ti àkáǹtì pa, ẹ má pa á rẹ́. Ẹ fi 30 ọjọ́ sáàárín. Àṣìṣe tó ṣeé dá padà ní ìṣẹ́jú kan kì í di wàhálà.

Ẹ fi ìdíwọ̀n sí iye tí ó lè fọwọ́ kàn lẹ́ẹ̀kan, ká ní àkáǹtì 5. Bí àwọn tó yẹ kó tì bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó dúró, kó sì pe ènìyàn. Ìdí rẹ̀ ni èyí: bí ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ bá fi àkójọ orúkọ ránṣẹ́ tí fáìlì náà sì gé ní ìdajì ọ̀nà, tàbí tó dé ní òfìfo, irinṣẹ́ yín á rò pé gbogbo òṣìṣẹ́ ti kúrò. Yóò sì fi òótọ́ inú ti gbogbo wọn pa. Ní 28 February 2017, òṣìṣẹ́ Amazon kan tẹ iye tí kò tọ́ sínú àṣẹ kan, sáfà tó kúrò lójú iṣẹ́ pọ̀ ju èyí tó ní lọ́kàn lọ, S3, ibi ìpamọ́ dátà wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, sì dákú fún wákàtí mélòó kan ní agbègbè Northern Virginia. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí irinṣẹ́ náà ni pé kó máa yọ sáfà díẹ̀díẹ̀, kó sì kọ̀ bí iye tó kù bá fẹ́ lọ sílẹ̀ ju ohun tí iṣẹ́ nílò lọ. Ẹ ṣe irú rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní.

Lórí àtúngbìyànjú: bí èsì API bá jẹ́ 429 (ìbéèrè ti pọ̀ jù) tàbí 503 (iṣẹ́ náà kò sí lójú iṣẹ́ báyìí), ẹ jẹ́ kó dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 2, lẹ́yìn náà 4, 8, 16, kó tó ké sí ènìyàn. Bí èsì bá jẹ́ 400, 401 tàbí 403, kó má gbìyànjú mọ́, torí ìdúró kò lè wo ìbéèrè tí kò tọ́ tàbí àṣẹ tí kò sí sàn.

Àwọn kòtò kéékèèké tí ẹsẹ̀ ń kì sí:

- Cron kì í lo PATH (àkójọ ibi tí kọ̀ǹpútà ti ń wá àṣẹ) tí ẹ ń lò nígbà tí ẹ bá wọlé fúnra yín. Script tó ṣiṣẹ́ lójú yín lè kùnà lóru. Ẹ kọ ọ̀nà àṣẹ kọ̀ọ̀kan ní kíkún.
- Bí iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá pẹ́ di ìṣẹ́jú 12, òmíràn á bẹ̀rẹ̀ lé e lórí. Lórí Linux, ẹ fi flock, àṣẹ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀dà méjì ṣiṣẹ́ pọ̀, tì í.
- Nínú Bash, bí àṣẹ àkọ́kọ́ nínú pipe (àwọn àṣẹ tí a fi àmì | so pọ̀) bá kùnà tí èyí tó kẹ́yìn sì yọrí, Bash á sọ pé gbogbo rẹ̀ yọrí. Ẹ fi set -euo pipefail sí òkè script.
- Ẹ fi UTC, aago àgbáyé tí kì í yí padà, ṣètò àkókò. Ní ibi tí wọ́n ti ń yí aago padà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wákàtí kan á wà lọ́dún tí yóò wáyé lẹ́ẹ̀mejì, òmíràn kò sì ní wáyé rárá.

Àyẹ̀wò: ẹ kọ́kọ́ ṣe é ní ìdánwò tí kì í yí nǹkan padà. Ansible ní --check àti --diff, PowerShell sì ní -WhatIf. Ẹ mọ̀ pé Ansible sábà máa ń fo àṣẹ command àti shell kọjá nínú --check, nítorí náà ìdánwò tó mọ́ kò tíì jẹ́ ẹ̀rí. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣe é gan-an lẹ́ẹ̀mejì lórí àwọn àkáǹtì àtọwọ́dá. Ìgbà kejì gbọ́dọ̀ ròyìn pé kò yí ohunkóhun padà. Kí ẹ tún fún un ní àkójọ òfìfo: ó gbọ́dọ̀ kọ̀.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ jẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ náà jẹ́ ìkìlọ̀

Ìkìlọ̀ tó ń dé nígbà tí iṣẹ́ bá kùnà kò tó, nítorí iṣẹ́ tí kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kò lè ròyìn ìkùnà. Ní 31 January 2017, GitLab, iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú kóòdù fún àwọn ènìyàn, pa dátà gidi rẹ́ ní àṣìṣe, wọ́n sì wá rí i pé ẹ̀dà ìpamọ́ tó yẹ kó máa lọ sí S3 ti ń kùnà: pg_dump (ètò tó ń ṣe ẹ̀dà dátábéèsì PostgreSQL) tó ń lò jẹ́ ti PostgreSQL 9.2, dátábéèsì sì jẹ́ 9.6. Ìméèlì ìkìlọ̀ ń jáde, ṣùgbọ́n ibi tó ń lọ ń kọ̀ ọ́ nítorí DMARC, àyẹ̀wò bóyá ìméèlì wá lóòótọ́ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ní òun fi í ránṣẹ́. Kò sí ẹni tó rí i.

Nítorí náà, ẹ yí i padà: kí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fi àmì ránṣẹ́ nígbà tó bá yọrí, kí ètò mìíràn tó dá dúró sì pariwo bí àmì náà kò bá dé ní àkókò rẹ̀. Ìkìlọ̀ gbọ́dọ̀ lọ bá ẹnìkan tó ní orúkọ. Àpótí ìméèlì tí ogún ènìyàn jọ ń kà, kò sẹ́ni tó ń kà á.

Àyẹ̀wò: ẹ mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́. Ẹ fagi lé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, lọ́jọ́ kejì ẹ pa aago tó ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní ìgbà méjèèjì, fóònù ẹni tó ni iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ dún.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀

Fún ọ̀sẹ̀ méjì, irinṣẹ́ á máa sọ ohun tí ì bá ṣe, ènìyàn á sì máa fi ọwọ́ ṣe é. Ẹ fi méjèèjì wéra lójoojúmọ́. Gbogbo ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni kí ẹ wádìí, nítorí nígbà mìíràn ènìyàn ló ṣì í. Ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ lé e, irinṣẹ́ á ṣe é lẹ́yìn tí ẹnìkan bá ti fọwọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ yọ ìfọwọ́sí kúrò, àyàfi fún àkáǹtì àwọn ọ̀gá àgbà àti ti alábòójútó. Ìwọ̀nyẹn ni kó wà títí.

Bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ lórí ọ̀pọ̀ sáfà, ẹ lo serial nínú Ansible: sáfà 1, lẹ́yìn náà ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, lẹ́yìn náà ìyókù. Kí ẹ sì yẹ gbogbo wọn wò lẹ́yìn rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní 1 August 2012, Knight Capital, iléeṣẹ́ tó ń ra ìpín ìdókòwò tó sì ń tà á ní Amẹ́ríkà, gbé kóòdù tuntun sórí sáfà 7 nínú 8. Ìkẹjọ ṣì ní kóòdù àtijọ́. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 45, ó ti ná wọn ní owó tó lé ní mílíọ̀nù 440 dọ́là.

Àyẹ̀wò: ọ̀sẹ̀ méjì kọjá láìsí ìyàtọ̀ tí ẹ kò lè ṣàlàyé, ẹni tó ní àṣẹ sì ti tẹ bọ́tìnnì ìdádúró lẹ́ẹ̀kan, ó sì rí i pé gbogbo nǹkan dúró lóòótọ́.

Ìgbésẹ̀ 9: Ìtọ́jú

Lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta, ẹ fi ọwọ́ ṣe iṣẹ́ náà láti inú ìwé Ìgbésẹ̀ 2, kí ó má bàa jẹ́ pé lọ́jọ́ tí irinṣẹ́ bá kú, kò sí ẹni tó rántí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Lọ́jọ́ kan náà, ẹ ka wákàtí tó ń jẹ báyìí, títí kan àkókò tí ẹ fi ń tún irinṣẹ́ fúnra rẹ̀ ṣe, kí ẹ fi wé iye tí ẹ kọ sílẹ̀ ní Ìgbésẹ̀ 1. Bí àtúnṣe bá ń jẹ ju ohun tó ń gbà yín là, ẹ pa á.

Pípa náà ní ètò tirẹ̀: ẹ dá aago rẹ̀ dúró, ẹ fagi lé kọ́kọ́rọ́ àti tókìn rẹ̀, ẹ ti àkáǹtì rẹ̀ pa, ẹ yọ ìkìlọ̀ tó ń dúró de àmì rẹ̀ kúrò, ẹ sì kọ ọjọ́ náà sínú Git. Àkáǹtì irinṣẹ́ tí kò sẹ́ni tó rántí mọ́, tó ṣì ní àṣẹ láti ti ènìyàn mọ́ ìta, ni kí ẹ wá jáde lákọ̀ọ́kọ́ nígbàkígbà tí ẹ bá ń yẹ ètò yín wò.